Ọjọ́ Tí Alágbàfọ̀ Fẹ́ Yin Ọmọ Rẹ̀

Òórùn aṣọ tó ń jóná ló dá Kékeré padà sílé. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè wàrà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù: àmì kan ti jókòó sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ahọ́n ológbò. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kó aṣọ tútù mọ́ àyà, ó ń wò ó.

"O ti tún dé òkè òkun?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Èmi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o balẹ̀ láyọ̀ ni. Ẹsẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù níhìn-ín yìí, bá mi sọ fún un pé aṣọ ọ̀gá báńkì kì í ṣe ẹran sísun."

Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibi tó pọ́n, ó sì lọ tẹ́ ẹ sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn: ọ̀rọ̀ á gbé ọ ṣánlẹ̀, ọwọ́ á sì fà ọ́ dìde.

Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà nítorí òun ni àbígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ láti ọdún tó wọ yunifásítì. Kẹ́mísìrì ló ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn tó mọ ilé wọn ní inú ọṣẹ ló ti kó o, torí láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì ju tábìlì ìlọṣọ lọ ló ti ń béèrè ìdí tí òróró fi ń sá fún ọṣẹ, tí bàbá rẹ̀ a sì dá a lóhùn pé, "Torí pé ọṣẹ ń bú u ni."

Nígbà náà, fóònù kò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lọ sí òkè òkun, ńṣe ló dà bí ẹni tó rìn wọ inú ìwé lọ. Ẹ ó kàn máa retí ojú ewé tó kàn ni. Yunifásítì wọn ní ètò pàṣípààrọ̀ kan: akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn á lọ fi ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òkèèrè, tọ̀hún náà á wá síhìn-ín. Àwọn tó ń fẹ́ lọ pọ̀ bí eṣú. Kékeré ti kọ̀wé béèrè, ó ti ṣe ìdánwò, ó ti jókòó síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń yọjú wò ó lókè awò ojú wọn. Ó wá ku àyè kan ṣoṣo, òun àti ọmọ adájọ́ kan ni wọ́n sì jọ tẹjú mọ́ ọn. Àbẹ̀wò ilé ló kù. Ilé onílé ni ẹni tó bá lọ yóò máa gbé, nítorí náà ọ́fíìsì fẹ́ gbọ́ irú ẹni tó jẹ́ lẹ́nu àwọn tó bí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀sán ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀tì jóná yìí ni obìnrin ọ́fíìsì ń bọ̀.

Ìyẹn gan-an ló ń jó Kékeré ju áyọ́ọ̀nù lọ, torí ó mọ bàbá rẹ̀. Bí oníbàárà kan bá wọlé tó ní, "Ọmọ yín yìí mà gbọ́n o," bàbá á yínmú. "Gbọ́n kẹ̀? Lánàá ló wá awò ojú rẹ̀ kiri gbogbo ilé. Ojú rẹ̀ náà ló sì wà." Ìyá rẹ̀ náà kò sàn jù ú lọ. A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í kángun rẹ̀: àwọn méjèèjì kò jókòó kọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbì kan, inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Lójú tiwọn, ẹni tó yin ọmọ rẹ̀ fún àlejò dà bí ẹni tó ń sá aṣọ síta nígbà tí òjò ti ṣú.

"Bàbá," ó ní nígbà tí bàbá padà wọlé, "ẹ rántí ohun tí a jọ sọ."

"Kí la sọ?"

"Pé ẹ máa yìn mí."

"Háà! Ìyẹn. Màá yìn ọ́ títí ìwọ alára á fi béèrè pé ta ni mò ń sọ."

"Mi ò ṣeré o."

"Ta ló ń ṣeré? Ìyá rẹ ti ń kọ́ ọ sórí láti àárọ̀. Lọ gbọ́."

Lóòótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ìkòkò sítáàṣì, ó ń rò ó, ó sì ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè síwájú kíláàsì: "Ọmọ mi gbọ́n. Ọmọ mi mọ́ tónítóní. Ọmọ mi kì í ṣe ìmẹ́lẹ́..." Ó gbójú sókè, ó rí Kékeré, ojú tì í.

"Ó mà ń yún mi lẹ́nu o," ó ní.

Obìnrin ọ́fíìsì dé kí wọ́n tó múra tán. Ọ̀dọ́ ni. Òkè òkun ni wọ́n ti bí i, tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ń sọ èdè wọn ketekete, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń to ẹyin. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, kò sì sí àléébù kankan nínú ìkíni rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè mọ gbogbo ohun tí à ń sọ, kó má mọ àwọn ohun tí a kì í sọ.

Wọ́n jókòó sí yàrá tóóró tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé. Ìyá fi ọwọ́ tí sítáàṣì ti sọ di funfun pamọ́ sábẹ́ itan. Àlejò yọ gègé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí bàbá.

"Ọmọ yín ṣe dáadáa gan-an nínú ìdánwò. Ọmọ gidi lẹ ní."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé òun ti tẹ pàkúté. Kékeré rí i bí ẹnu bàbá ṣe là. Ó fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó tún mi orí sí i. Asán ni.

"Ta ni? Èyí?" ni bàbá wí. "Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, Màdáàmù."

Àlejò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó wá yíjú sí Kékeré. "Jọ̀ọ́, ṣé o lè fún wa láyè? Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ láwọn nìkan."

Kékeré padà sídìí tábìlì. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dá yàrá méjèèjì, ẹni tó bá sín lápá kan, èyí tó wà lápá kejì ni yóò kí i. Ó kó àpò ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, ó ń lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbọ́ bí ọ̀nà òun ṣe ń dí.

"Ó sun ṣẹ́ẹ̀tì kan láàárọ̀ yìí," ni bàbá ń sọ. "Ẹ bi í. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́."

"Oúnjẹ ńkọ́?" ni ìyá wí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn ẹnu rẹ̀. "Ìrẹsì tó bá sè, ẹ lè fi kọ́lé."

"Ó máa ń sùn bí òkúta."

"Òkúta kẹ̀? Òkúta ṣì máa ń yí."

Wọ́n ń gbè é fún ara wọn bí elégbè àti olórin. Ohùn wọn ti dùn. Àjàgà ọ̀rọ̀ àkọ́sórí ti bọ́ kúrò lọ́rùn wọn, ara tù wọ́n. Kékeré rò ó bí yóò ti rí ní pálọ̀ adájọ́, bí wọ́n yóò ti máa ka ẹ̀bùn tí ọmọ wọn gbà láti ilé ẹ̀kọ́ jéléósinmi wá. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ti parí. Kò lè bínú sí wọn, ìyẹn ló tún wá burú jù. Ta ló ń bínú sí ẹni tó ń mí?

Nígbà náà ni ohùn àlejò dé, ó lọ́ra, bí ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú.

"Ẹ dákun. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó lọ ni?"

Lẹ́yìn ilé, aṣọ tó wà lórí okùn ń lu ara wọn pẹpẹ nínú atẹ́gùn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni bàbá wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ ní ọ̀lẹ ni."

"Mi ò ní ọ̀lẹ ni. Mo ní ó máa ń sùn. Màdáàmù, ẹ gbọ́. Níbi tó ń lọ yẹn, ta ni yóò máa jí i? Kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ o. Tí wọ́n bá pè é, á dáhùn látinú oorun, á tún padà síbi tó ti ń bọ̀. Fèrèsé ni kí wọ́n ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i."

Kékeré gbé orí sókè. Fèrèsé yàrá rẹ̀ ní ìkọ́ kan tó ti dẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti gbà pé atẹ́gùn ló ń ṣí i láràárọ̀.

"Tó bá sì ń kàwé," ni bàbá ń bá a lọ, "kì í rántí ebi. Kí wọ́n má bi í bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹ. Kí wọ́n gbé abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi padà dé, abọ́ á ti ṣófo, òun gan-an ò sì ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́."

"Òtútù," ni ìyá wí wẹ́rẹ́.

"Ẹn-ẹ́n, òtútù. Kì í sọ ọ́. Kí wọ́n máa wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ti ki ìka bọ abẹ́ apá báyìí, ó ti pẹ́ tó ti ń mú un."

"Tínú bá bí i," ni ìyá tún wí, "á wá nǹkan fọ̀. Kí wọ́n má dá a dúró. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀."

Kékeré mọ ohùn tí bàbá ń lò yìí. Òun ló fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kó aṣọ sílíkì lé wọn lọ́wọ́: ẹ má fún un o, ẹ má sá a sójú oòrùn, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa aṣọ tí kò ní í jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́," ni àlejò wí. Gègé rẹ̀ ń sáré. "Fèrèsé ni kí wọ́n ṣí. Abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ìyá tó máa gbà á sílé á fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ ní tí òtútù bá ń mú un ńkọ́?"

Tó máa gbà á sílé. Kò sí "bí" níbẹ̀, kò sí "bóyá". Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí tábìlì mú.

Nígbà tí obìnrin náà ń jáde, ó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo lọ sílé kan lánàá," ó ní, "mo bi wọ́n pé kí ló máa ń pa ọmọ wọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ara wọn." Ó ti gègé rẹ̀ bọ àpò, bí ẹni tó rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. "Wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Àyè náà, ìwọ la máa fún. Kí o sì wá ẹ̀wù tó nípọn. Ìyá rẹ ní o ò ní."

Ìyá ti dé kí àlejò tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó dì mọ́ Kékeré, sítáàṣì fi àmì ọwọ́ funfun méjì sí i lẹ́yìn. Bàbá dúró jìnnà díẹ̀, ó ń tún àpò ìrọ̀rí tí kò ní àléébù tò.

"Ṣé mo yìn ọ́ dáadáa?"

"Ẹ yìn mí, Bàbá."

"Mo gbìyànjú. Ìyá rẹ ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìrẹsì bà á jẹ́."

"Mò ń gbọ́ yín o!" ni ìyá wí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, bàbá àti ọmọ jáde lọ kó aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn aṣọ náà fẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ká wọn kí wọ́n má wọ́lẹ̀. Bàbá mú etí méjì, Kékeré mú etí méjì. Wọ́n fà á, wọ́n gbọ̀n ọ́n kó dún pà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Bàbá a gba etí tirẹ̀ mọ́ tòun, Kékeré a bẹ̀rẹ̀ mú ìsàlẹ̀, a tún fi ẹ̀yìn rìn padà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.

Orí èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n wà nígbà tó sọ sí Kékeré lọ́kàn. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, ibi tí òun ń lọ nìkan ló ti ń wò: yàrá ìwádìí kẹ́mísìrì tó ń dán, ọ̀nà tí kò mọ̀, ojú àwọn tí kò tíì rí. Kò tíì wo àgbàlá yìí láìsí òun níbẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ lókè aṣọ funfun náà. Bàbá kò wo aṣọ. Apá ibi tí Kékeré dúró sí ló ń wò, ó rọra ń wò ó, bí ẹni tó ti mọ ibẹ̀ lófìfo tipẹ́, bóyá láti ọjọ́ tí Kékeré ti kọ̀wé béèrè, tó sì ti bá a rẹ́.

Wọ́n rìn pàdé. Bàbá na ọwọ́ gba etí aṣọ náà. Kékeré kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Mo ti dì í mú."