Kẹ́hìndé Kò Tíì Dé

Kulorokúìnì ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: ó ń lé ibà lọ, àmọ́ ara á máa yún èèyàn bí ẹni tí yèrèpè kàn. Màámi, tó ń gbé lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, kì í lò ó mọ́. Yóò fi í sábẹ́ ahọ́n, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, yóò lọ tu ú síta. Ibà sì ń bá a fínra.

Méjì ló wà nínú oògùn yìí. Ohun kan náà ni wọ́n, àfi pé ọ̀kan dà bí òjìji èkejì nínú dígí, bíi bàtà òsì àti ọ̀tún. Mo fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní láàbù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń yún wa. Ọ̀gá mi n'Ìbàdàn yá mi páìpù irin kékeré kan. Ìyẹ̀fun inú ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Yóò di ìyẹn mú, èkejì á kọ́kọ́ jáde. Ọ̀gá ní bí n kò bá rí wọn yà kí dẹrẹ́bà òun tó dé, kí n dá páìpù padà.

Dẹrẹ́bà, Bàbá Olúyẹ́misí, dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan ní 1988, tòun ti páálí tí yóò fi gbé páìpù lọ́wọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ ti oògùn sínú páìpù ni. Bírò ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu páìpù ń fa ìlà gbọọrọ lórí bébà; bí ohun kan bá jáde, ìlà á ga bí òkè. Nígbà tó yá, ó gbéra, ó ya òkè kékeré kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ló bá tún ń lọ gbọọrọ.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni," ni Mashood tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Wọn ò yà. Wọ́n jọ jáde ni." Ó nawọ́ láti pa ẹ̀rọ. Bàbá Olúyẹ́misí ti ń ṣí páálí.

Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. "Tó o bá pa á, èmi pẹ̀lú ẹ ni lónìí."

"Mọ̀ríámọ̀, kí lo tún ń dúró dè?"

"Kẹ́hìndé."

Èmi gan-an ni Kẹ́hìndé. Táyé ti dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, agbẹ̀bí ti di ẹrù ẹ̀, ó ti ń sọ fún Màámi pé ó dìgbà, kí n tó yọjú. Ṣé irú mi ni yóò wá jẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ?

Mo jókòó ti bírò náà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ìlà ń lọ gbọọrọ, Mashood ń wo aago. Ni bírò bá gbọ̀n díẹ̀, ó gbéra, ó ń gòkè, ó ń gòkè. Òkè kejì rèé, ó tún sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ariwo wo la ò pa. Mashood ń jó láàárín ìgò. Bàbá Olúyẹ́misí ní òun ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀, àmọ́ ìbejì ni ìbejì, ló bá sáré lọ ra ẹ̀wà ní Takie. A da páálí dé, a fi ṣe tábìlì, a jẹun. Páálí òfo ló gbé padà s'Íbàdàn.

Lọ́jọ́ kejì mo wà l'Ọ̀yọ́. Màámi gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ló bá gba kulorokúìnì, ó gbé e mì lójú mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń họ ara.

"Èwo ló ń yún mi yìí, Táyé ni àbí Kẹ́hìndé?"

"Mi ò tíì mọ̀, Màámi. Ẹ ní sùúrù fún mi."

"Mo ti dúró dè ọ́ rí," ó wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi kí n bá òun họ ọ́.