Irin Itan Ẹ̀gbọ́n Mi

Kò sí irin kan láyé yìí tí kò mọ̀ mí. Bí mo bá ń kọjá lọ lójú títì, géètì á ṣí fúnra rẹ̀ láti kí mi, ìṣó orí páànù á yọrí síta wò mí. Nígbà kan tí iná lọ, ojú lásán ni mo fi jó irin méjì pọ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi irin náà.

Ká ní orí géètì ni ẹnu yìí mọ ni, ì bá dáa.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi, orí òrùlé ló ti ń jẹun. Ó já bọ́ lọ́jọ́ kan, itan ọ̀tún ṣẹ́ sí méjì. Dókítà là á, ó fi irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ de egungun náà, ó fi síkúrù mẹ́jọ dè é mọ́ra. Ó ní irin náà kì í dípẹtà. Ó wá kìlọ̀ pé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹsẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ tẹlẹ̀. Ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì sábẹ́ abíyá ni kó máa fi rìn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo lọ kí i. Ó rọ̀ sórí ọ̀pá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá, ó ń wo òrùlé ilé òdìkejì bí ẹni tí ebi ń pa.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń fi igi ṣe? Irin ló wà nínú yín!”

“Dókítà ní kí n má—”

“Dókítà ló mọ irin ni? Ta ni wẹ́dà nínú èmi àtòun? Irin tí ò nípọn tó ìka mi ni mo fi gbé tírélà dúró, dírẹ́bà sùn sábẹ́ ẹ̀, ó lá àlá méjì!”

Ó rẹ́rìn-ín. Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n mi ò gba irọ́ mi gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin lèyí, iṣẹ́ mi sì ni. Ó gbé ọ̀pá ti ògiri, ó gbésẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Inú mi dùn débi pé mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó pọ̀n mí dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọjọ́ méjìlá ló fi rìn fàlàlà. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ó kàn dúró tó ń wọ ṣòkòtò ni, nǹkan dún “kẹ́” nínú itan rẹ̀.

Dókítà gbé fọ́tò egungun náà sójú fèrèsé. Irin ti kán síbi ihò síkúrù àárín.

“Ṣé ẹ fi ẹsẹ̀ yìí rìn?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó gbójú kúrò. “Rárá o. Mo yọ̀ ní balùwẹ̀ ni.”

Dókítà mirí. “Yíyọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ò lè ṣẹ́ irin yìí. Tí ẹ ò bá rìn tó fi kán, á jẹ́ pé egungun yín ò fẹ́ jinná nìyẹn. A máa là yín níbàdí náà, ká bu egungun níbẹ̀ fi dí i. Ká ní ẹ rìn ni, irin gbọọrọ la máa kì bọ inú egungun, a ò ní fọwọ́ kan ìbàdí.” Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo ní, “Dókítà, ayédèrú nirin yín!”

“Irin náà dáa. Òun kọ́ ló yẹ kó gbé ẹ̀gbọ́n yín dúró. Ó kàn ń di egungun mú títí á fi so pọ̀ ni. Tí ẹ bá ń tẹ wáyà síwájú sẹ́yìn, ṣebí ó máa rẹ̀ ẹ́, á kán?”

Mo wo ọwọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọwọ́ ara mi ṣẹ́ wáyà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn rò ó lọ́jọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dúró dè mí.

“Kì í rẹ irin! Èmi gan-an wà lẹ́yìn wọn, bí mo ṣe tóbi tó yìí, wọ́n pọ̀n mí dé ìdí ẹ̀rọ omi, kò dún pínrín!”

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú.

“Ọkọ mi,” ni ìyàwó rẹ̀ wí fún mi, “kí lẹ sọ?”

“Àwàdà ni, ìyàwó wa.”

Dókítà kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ọjọ́ mélòó lẹ fi rìn?”

“Méjìlá,” ó fèsì wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ má bá a wí. Èmi ni mo gbésẹ̀.”

Dókítà fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ ìbàdí. “Irin gbọọrọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà míì kẹ́ ẹ tó gun òrùlé, tó bá ṣeé gùn.”

“Oṣù mẹ́fà!” Ìyàwó rẹ̀ ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sọ́wọ́. “Ẹ dúró níbẹ̀, wẹ́dà!”

Mo fò kọjá bẹ́ẹ̀dì méjì, díẹ̀ ló kù kí n gbé nọ́ọ̀sì ṣubú tòun ti àwo abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí láti ẹ̀yìn pé kí n padà wá, kò sì sí ìbínú kankan lóhùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n túbọ̀ ki eré mọ́lẹ̀, tí mo fi sá jáde láì wẹ̀yìn.