Abẹ̀bẹ̀ Bàálù Inú Gáráàjì Ethan

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá Adékọ́lá fi jókòó sórí àga tìmùtìmù nílé ọmọ rẹ̀ ní Glenn Dale l'Amẹ́ríkà láìfọwọ́ kan ayùn. Káfíńtà tó fi ogójì ọdún la pákó n'Ìbàdàn! Bó bá ní kóun tún ẹsẹ̀ àga ṣe, Monísọ́lá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ relax. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Bó bá bèèrè ọjọ́ tóun máa padà sílé, á ní ó di ìgbà ooru. Ìfẹ́ ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Òun nìkan ló ń gbé ilé náà kí bàbá rẹ̀ tó dé.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Ethan, bàbá arúgbó ilé kejì, ṣí gáráàjì rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rí igi kan tó nàró ti ògiri, tó ga ju èèyàn lọ, tí apá rẹ̀ méjèèjì lọ́ díẹ̀. Kí ó tó mọ̀, ó ti dé ìdí rẹ̀. Ó fi èékánná ha ibi tí ọ̀dà ti bó, ó gbé èékánná símú.

"Ọ̀gánwó! Igi ilẹ̀ wa!"

Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó rántí kòtò tí òun àti bàbá rẹ̀ ti máa ń la gẹdú nínú igbó, bàbá lókè, òun nísàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun pákó ń dà sí i lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ á ní, "Jẹ ẹ́ dáadáa, ọbẹ̀ wa nìyẹn." Áà, ayé ìgbà yẹn dùn o.

Monísọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, wá mú un lọ sílé, ló bá di ògbufọ̀. Ethan ní abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù tó ń ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni, bàbá òun ló fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi irin gbé e láàárín, apá kan á wúwo ju èkejì lọ, á tẹ̀ sísàlẹ̀. Kò wúlò mọ́. Òun fẹ́ gé àárín rẹ̀ fi ṣe aago ògiri. Ó ti gbé ayùn iná jáde.

Bàbá di ọwọ́ Ethan mú, ó kọjú sí Monísọ́lá. "Sọ fún un kó má gé e. Igi yìí ò bàjẹ́. Wọ́n gbé e nàró pẹ́ jù ni, ọ̀rinrin ti sọ̀kalẹ̀ sápá kan. Kó gbé e dùbúlẹ̀ bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò."

Monísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀, ó dé ìdajì, ó dúró. Ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Awọ líle ọwọ́ tó fi la pákó rán an nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti bó tán, ọwọ́ náà ti rọ̀ bí ti aláìsàn. Ethan ń dúró. Monísọ́lá sọ èyí tó kù fún un.

Ethan gbé ayùn sílẹ̀. Àgbàlagbà méjèèjì gbé abẹ̀bẹ̀ náà tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Monísọ́lá bèèrè pé, "Dádì, ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo tì í pa."

"Ẹ máa ṣí i kí Kérésì tó dé. Màá pe airline lọ́la."

Bàbá dúró. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí wá, àṣé yóò dùn ún bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò ní dá wà?"

"Màá dá wà, Dádì," ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ ṣáà máa lọ."