Àdúrà Tí Mo Gbà fún Igbákejì Ọkọ Mi

Orí fóònù inú mọ́tò ni wọ́n ti lé ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, a wà lórí freeway, èmi ni mo ń wa ọkọ̀, òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Andrew tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sì ń sọ̀rọ̀ jáde látinú ẹ̀rọ ọkọ̀ bí ẹni pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ síbì kan. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Francis. Ó ní èèyàn dáadáa ni Francis. Ó tún dúpẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti parí, nítorí àwọn tó fẹ́ kí èèyàn máa bá iṣẹ́ lọ kì í dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní, "Thank you, Andrew." Mo yà ní exit wa, a sì délé.

Mi ò sunkún, mi ò sì bínú. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ìrẹsì kaná, mo bi í bóyá kí n dín dòdò sí i. Ó ní kí n dín in. A jẹun.

Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n máa lé e. Ní Peckham, ní London, ni wọ́n ti bí Francis, nínú ilé tí ìyá rẹ̀ kì í ti í dá ọmọ lóhùn bó bá fi Òyìnbó bá a sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí Yorùbá rẹ̀ fi dá ṣáká. Agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn ni nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ga, kò yára, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ṣáájú ẹni tó gbá a. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kankan rí, àfi sáà kan ṣoṣo tó fi jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú líìgì àgbà, tí wọ́n ń mú un wọlé nígbà tí àwọn òǹwòran ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Ìlú kékeré kan ní àríwá England ló ti gbá èyí tó pọ̀ jù, ìlú tí òjò kì í dá níbẹ̀, tí àwọn arúgbó sì ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nílé ọtí. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì di máníjà. Ó mú ẹgbẹ́ kan gòkè sí líìgì tó ga sí i, wọ́n fi ọkọ̀ tí kò ní òrùlé gbé e yí ìlú ká. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n lé e. Ẹgbẹ́ mìíràn gbà á, àwọn náà lé e, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí ọ̀nà rẹ̀ dára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ Houston, ní Amẹ́ríkà, pè é.

Èmi Doyinsọ́lá, títẹ̀lé e ni iṣẹ́ mi. Kẹ́místìrì ni mo kà ní Ifẹ̀, mo tún kà á ní Leeds níbi tí a ti pàdé, ṣùgbọ́n ìlú tí bọ́ọ̀lù bá gbé wa dé, iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni mo máa ń ṣe. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé, mo ti ta fìríìjì, mo ti jókòó sílé lásán. Houston yìí nìkan ni mo ti rí iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi, ní yàrá ìdánwò ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Pasadena. Ohun tí wọ́n bá fà nínú àwọn táǹkì, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Láti Spring tí à ń gbé, ọ̀nà náà jìn, ó sì máa ń dí, ṣùgbọ́n mi ò ráhùn rí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Pasadena ń rùn. Èmi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan wà tó ń tẹ̀ lé ọkọ mi bí mo ṣe ń tẹ̀ lé e. Akínkúnlé ni, igbákejì rẹ̀. Láti Abẹ́òkúta ló ti wá gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọkọ mi ní England, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí òtútù fẹ́ pa. Mo gbé e sínú ilé mi nígbà òtútù yẹn, mo ń se ẹ̀bà fún un, mo ń bá a wá ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é léṣe tí bọ́ọ̀lù gbígbá parí fún un, ọkọ mi kọ́ ọ ní iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sì pẹ́ tí Akínkúnlé fi mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ọkọ mi mọ èèyàn. Akínkúnlé mọ èèyàn, ó tún mọ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń darí ìdánrawò, òun ló ń gé fídíò. "Gaffer" ló máa ń pe ọkọ mi, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìlú Ọba ṣe ń pe máníjà wọn. Èmi ni Àǹtí.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n lé e ni ìlú òjò yẹn pè. Ẹgbẹ́ tí Francis gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà èwe ti já wálẹ̀ sí líìgì ìsàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ló sì rà á. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ bò rárá. Wọ́n ní nítorí orúkọ rẹ̀ ni àwọn ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Akínkúnlé ni àwọn fẹ́ kó máa darí ìdánrawò. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń bọ̀, iṣẹ́ ti wà. Bó bá jẹ́ Francis nìkan ni, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

Ọkọ mi ò ní í sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó tún máa pè é lẹ́yìn àwọn yìí. Ọkùnrin náà ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo sọ fún un pé màá fi Pasadena sílẹ̀. Mo rò pé ó máa dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo tiẹ̀ dúró díẹ̀ kí ó dùn mí. Kò dùn mí. Ó ní, "O ṣé," ó sì padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ẹlòmíì láìgbóhùn wọn.

Ó pe Akínkúnlé lọ́jọ́ náà gan-an. Akínkúnlé ní kí a jẹ́ kí òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀, pé òun á wá fojú kàn wá lọ́jọ́ Àìkú. Nínú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá lé máníjà, igbákejì rẹ̀ máa ń bá a lọ ni. Wọn kì í kọ ọ́ síwèé, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, a dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n dé, òun àti Shakirat ìyàwó rẹ̀ tó lóyún tí oyún náà sì ti ń tóbi. Fondren Southwest ni wọ́n ń gbé, ní apartment kan nítòsí àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà. Akínkúnlé kọ́kọ́ pè mí láti ìta.

"Àǹtí, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí garage. Ẹrù wà lọ́wọ́ wa."

Iṣu ni, iṣu gidi, àti páálí málìtì. Bí mo ṣe rí iṣu yẹn ni mo ti gbà pé ó ń bá wa lọ. Ta ló ń ru iṣu wá fún ẹni tó fẹ́ já sílẹ̀? Mo bá wọn gbé e wọ kíṣìnnì, mo ní kí wọ́n máa lọ sí pálọ̀.

Kí n tó dé pálọ̀, Akínkúnlé ti dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ńṣe ló máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó na ọwọ́ sílẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, ó na gbalaja níwájú ọkọ mi, àyà rẹ̀ kan rọ́ọ̀gì. Shakirat kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di àga mú. Ọkọ mi wo wọn. Kò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà mo gbà á sọ.

Ta ni kì í gbàdúrà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo dúró lé wọn lórí, mo la ẹnu mi.

"Akínkúnlé, Ọlọ́run á gbé ọ ga."

"Àmín, mà."

"Iṣẹ́ tuntun tó wà níwájú yìí, kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín."

"Ẹ ó ṣe é ní àṣeyọrí. Ojú ò ní tì yín. Shakirat, wàá bí tibi-tire, ọmọ náà á bá ayọ̀ nínú ilé."

"Àmín o, Àǹtí," ni Shakirat wí. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

"Ẹni tó wà lórí àga yẹn ṣáájú yín, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀ jù ú lọ. Wọn ò ní lé yín."

Mo dúró de àmín. Kò yá. Nígbà tó jáde, inú rọ́ọ̀gì ló wọ̀ lọ.

"Ó yá, ẹ dìde," ni mo wí, "ìgbà wo lẹ fẹ́ kó lọ sí England? Ṣé ẹ máa bímọ tán ná ni?"

Akínkúnlé ò dìde. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ọkọ mi ló ń wò, kì í ṣe èmi.

"Gaffer, ẹ má bínú. Mi ò lè lọ, sà. Andrew offered me the job. Iṣẹ́ yín. Mo ti sign ní Friday."

Shakirat bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí ìwé wa ni. A ti wà lórí green card yẹn, tá a bá kúrò báyìí, everything starts again. Àti oyún yìí. Dókítà mi wà níbí."

"Ìgbà wo ni Andrew pè ọ́?" Èmi ni mo bèèrè.

Ó tún tẹrí ba. "Monday, mà."

Monday. Ìyẹn ni pé nígbà tí Andrew ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lórí freeway, Akínkúnlé ti mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi pè é pé kí wọ́n jọ lọ sí England, ó ti mọ̀, ó sì ní kí òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gba gbogbo àdúrà yẹn padà, bí èèyàn ṣe ń sáré kó aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe àmín sí i, mo sì mọ̀ pé kò sí ọwọ́ tí mo lè fi kó o. Mo wá ìbínú nínú ara mi, kí n lè sọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Mi ò rí i. Ibi tó yẹ kó wà ṣófo.

Mo fa Shakirat dìde, mo fi í jókòó, nítorí oyún ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ti Akínkúnlé kì í ṣe tèmi. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ló máa ní kó dìde, gbogbo wa nínú yàrá yẹn ló sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. AC ń hó. Akínkúnlé ò mira. Ọkùnrin tó máa pàṣẹ fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù Houston láti ọ̀la lọ, ó na sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì mi, iwájú orí rẹ̀ ń làágùn. Mo rò pé ọkọ mi máa lé e jáde. Mo rò pé ó máa sunkún. Èyíkéyìí tó bá ṣe nínú méjèèjì ì bá tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé yẹn ṣe nǹkan.

"Ọkọ mi," ni mo wí, "ẹ dá ọmọ náà lóhùn."

"Dìde," ni ọkọ mi wí.

Akínkúnlé dìde sórí orúnkún, kò dúró tán. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ọkọ mi tẹ ara síwájú lórí àga, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé itan, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ṣé wọ́n ti fún ọ ní igbákejì?"

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Mo rò pé ìmọ̀ràn ló fẹ́ fún un. Ìgbà tí mo rí i tí Shakirat fi ọwọ́ bo ẹnu ni mo tó mọ ohun tí ọkọ mi ń tọrọ.

"Gaffer, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Akínkúnlé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Báwo ni mo ṣe máa rán yín níṣẹ́?"

"Mo bi ọ́ ni."

"Wọ́n ti mú ẹnì kan, sà. Láti Dallas. Ọ̀la ló ń bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa." Ọkọ mi mi orí, ó tún mi orí. "Ó dáa, kò burú. Àmọ́ bí kò bá mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ pè mí. Kò dìgbà tí mo bá jẹ́ igbákejì. Mo lè máa bá yín to kóòǹù ìdánrawò sórí pápá."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mi ò ti mọ nǹkan kan lára. Èyí dùn mí.