Ẹ̀rí Tí Morọ́lá Jẹ́ Ṣáájú Àkókò

Morọ́lá, ìyàwó àbúrò mi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Ilésanmí ti mú un wá kí wa ní Adó-Èkìtì. N kò kàn mọ̀ pé ẹnu yẹn lè pa èèyàn ni.

Ilésanmí, àbúrò mi kan ṣoṣo, jẹ́ ẹnjiníà nínú ọkọ̀ epo kan tí àwọn ajalèlókun gbà lójú agbami. Wọ́n ní bí àwọn bá gbúròó ọmọ ogun ojú omi pẹ́nrẹ́n, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọláyanjú, ọ̀rẹ́ Ilésanmí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, yọ́ wá bá èmi àti Morọ́lá nílé wọn ní Ire-Akari, ní Èkó. Ó ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn Òyìnbó ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ti rí ibi tí ọkọ̀ náà wà.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ká wọn mọ́. Mi ò yẹ kí n sọ ọ́, ẹkún ìyàwó yìí ló fà á. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n lẹ́ni tó ń bá wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ ní Èkó níbí."

Morọ́lá fi Bíbélì búra.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Àfà, pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá nígbàgbọ́ wá jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run kò tíì ṣe, kí ojú lè ti Sátánì. Kí n tó fa aṣọ Morọ́lá, ó ti gba máíkì.

"Ẹ bá mi yin Jésù! Láàárọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ ogun oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń lọ gba Ilésanmí ọkọ mi sílẹ̀!"

Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Kámẹ́rà tó ń gbé ìsìn wa sórí Facebook dojú kọ ọ́. Mo sáré bọ́ síta, mo pe Ọláyanjú títí, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú omi, fóònù rẹ̀ kò wọlé.

Lọ́sàn-án, Morọ́lá wà ní kíṣìnnì, ó ń din ẹran tí ọkọ rẹ̀ máa jẹ tó bá dé. Fóònù mi dún. Ilésanmí ni, láti orí fóònù sátẹ́láìtì àwọn ajalèlókun.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ ohùn Morọ́lá lẹ́yìn rẹ̀ láti inú fóònù ẹlòmíràn, pẹ̀lú halelúyà ìjọ wa. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fídíò náà bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní èmi ni ọkọ ẹ̀, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ má sọ fún Morọ́lá pé ohùn ẹ̀ ni. Ẹ ṣáà ní..."

Ìbọn dún.

Àwọn ọmọ ogun dé láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Àwọn ajalèlókun ti sá lọ, àwọn tó kù nínú ọkọ̀ sì wà láàyè. Wọ́n ti ju òkú àbúrò mi sómi.

Pásítọ̀ wá gbàdúrà, ó ní ká má bi Ọlọ́run ní ìbéèrè. Títí di ìsinsìnyí, àwọn èèyàn ṣì ń kọ àmín sábẹ́ fídíò yẹn.

Nígbà tí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lọ tán, Morọ́lá kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ló sọ?"

Mo wò ó. Mo rántí òórùn ẹran díndín yẹn.

"Ó ní kí n má sọ fún ẹ," mo dá a lóhùn.

Mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo tan fídíò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kó lè gbọ́ ohun tí àbúrò mi gbọ́ kẹ́yìn láyé.