Àlejò Kan Ṣoṣo

Nọ́ọ̀sì Ẹ-Dìde ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni o, ta ló jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú? Òun ló máa ń lu agogo bí àkókò ìbẹ̀wò bá parí, tí á máa pariwo pé, "Ẹ dìde, ó ti tó!" títí àlejò tó kẹ́yìn á fi jáde. Bó bá délé, yàrá kan ṣoṣo ni, ìdúró ló fi ń jẹun, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé báwo niṣẹ́. Ó máa ń sọ pé ó ti mọ́ òun lára. Irọ́ ni.

Ẹnì kan péré ni kì í pariwo mọ́: Ìyá Alábẹ̀wò. Opó ni, kò bímọ, láti ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ òpópónà ló ti ń wá. Gbogbo Ọjọ́rú, yóò yọ sẹ́nu ọ̀nà, Bíbélì lábíyá, yóò béèrè pé, "Ta ni kò lálejò?" Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn onítọ̀hún ni yóò gbé àga lọ. Kì í wàásù fún un. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá fẹ́ gbọ́ sáàmù, á kà á. Bí kò bá fẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa wo àjà.

Nọ́ọ̀sì mọ bí ọwọ́ yẹn ṣe rí. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní wọ́ọ̀dù yìí kan náà, ẹbí rẹ̀ kankan ò yọjú. Ìyá ló jókòó tì í. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé ìyá fúnra rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé kan. Ọkàn rẹ̀ ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà wò ó, ó mi orí. Nọ́ọ̀sì to àga yí ibùsùn rẹ̀ ká, torí ó mọ̀ pé èrò ń bọ̀. Ta ni kì í pè é ní ìyá mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Àkókò ìbẹ̀wò tó, àlejò wọlé, wọ́n sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n wá wò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àga ṣì ṣófo. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì pe akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì lórí fóònù.

"A ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́ ni, nọ́ọ̀sì," akọ̀wé ní. "Ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò á ti kún bo ibùsùn wọn. A ní kó rọlẹ̀ díẹ̀ ná."

Ohun tí gbogbo wọn rò nìyẹn, olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń dúró de ọwọ́, ta ni yóò sọ̀yà ọ̀hún?

"Ẹnì kankan ò wá," nọ́ọ̀sì fi ìbínú sọ. "Ẹ máa bọ̀ lónìí."

Akọ̀wé kẹ́dùn gan-an. Ó ní àwọn á wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí àkókò ìbẹ̀wò tó, nọ́ọ̀sì ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó sì tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí àlejò. Ó jókòó ti ìyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Ìwọ ni?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o mà gbẹ o. Ṣé o ń jẹun ṣá?"

Omijé lé ròrò sójú nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ó fẹ́ sọ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn lẹ́bàá fèrèsé?"

"Obìnrin kan ni, ìyá. Gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló ń bú."

"Ṣé ó lálejò?"

Nọ́ọ̀sì fẹ́ purọ́, kò rí irọ́ náà pa. "Rárá, mà."

"Lọ jókòó tì í."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà ò lẹ́nì kan."

"Èmi ti rí tèmi. Òun ò tíì rí. Gbé àga."

Ta ni yóò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ jiyàn? Nọ́ọ̀sì gbé àga. Obìnrin ẹ̀bá fèrèsé bú u dáadáa, síbẹ̀ obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, kò fi í sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá bojú wẹ̀yìn, ìyá á máa wò wọ́n, á máa rẹ́rìn-ín. Àkókò kọjá, agogo ò lù, torí ẹni tó ń lù ú ló jókòó. Nígbà tó padà dìde, ìyá ti lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì dé òpópónà. Bí a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Gbogbo wọn ń ké pe ìyá mi, ìyá mi. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn pátápátá, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni. Ó padà sílé, ó fi ìdúró jẹun.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ìsinmi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹnu ya nọ́ọ̀sì kékeré tó dípò rẹ̀ lọ́jọ́ náà nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà láìwọ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Nọ́ọ̀sì Ẹ-Dìde wo ibùsùn ìyá, wọ́n ti tẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn.

"Ta ni kò lálejò?" ó béèrè.