Ọ̀nà Ẹ̀yìn Adágún

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì dúró síta géètì kékeré náà bí ẹni tí kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ wọlé.

Ọkùnrin náà ti ṣí àgádágodo. Ó dorí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kodò kí ìmọ́lẹ̀ má baà gún obìnrin náà lójú. Aago mẹ́fà ìdájí ti kọjá díẹ̀. Kùrukùru bo adágún omi láti etí dé etí, àwọn igi òdìkejì sì dà bí èèyàn tó ń ronú lórí ìdúró. Ó ní kó wọlé kí ìrì má pa á. Obìnrin náà wọlé, ṣùgbọ́n kò di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ti máa ń ṣe.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ náà ń pe ọkùnrin yìí. Òun ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ sì máa ń dún kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Aago méje alẹ́ ni wọ́n ń ti ọgbà, aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Láàárín méjèèjì, ẹni tí kì í bá ṣe ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ koríko ibẹ̀. Òun ló kọ òfin náà sára pátákó, òun náà ló sì kàn án mọ́ àwọn géètì.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn tó wà lápá ìlà-oòrùn ọgbà. Ilé wọn wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Bí ọkọ bá ń wọlé nírọ̀lẹ́, ìyàwó ti ń wọ bàtà iṣẹ́. Bí ìyàwó bá dé láàárọ̀, ọkọ ti jáde lọ tipẹ́. Wọ́n wá dà bí oòrùn àti òṣùpá tó ń yá ara wọn ní ibùsùn. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn adágún nìkan ló kù fún wọn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti géètì kékeré tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, tí ọkọ nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, dé géètì ńlá níwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé kí ọmọbìnrin wọn lọ fẹ́ ẹni tó wù ú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jà nítorí ọ̀rọ̀ àna, tí wọ́n sì parí ìjà náà kí wọ́n tó kọjá igi kẹta. Lọ́jọ́ mìíràn wọn kì í sọ nǹkan kan. Omi á máa mí lábẹ́ kùrukùru, ẹyẹ funfun kan á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, àwọn méjèèjì á sì máa rìn bí ẹni tó ń rìn nínú àlá ẹlòmíràn tí kò sì fẹ́ jí onítọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, wọ́n ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí obìnrin náà tó lanu. Ó ní wọ́n gbé aláìsàn kan wá ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé búrẹ́dì. Nígbà tó ń darí lọ sílé ní ìdájí, ó bẹ ẹ̀ṣọ́ géètì ìlà-oòrùn pé kó jẹ́ kí òun gba inú ọgbà kọjá, nítorí ó ti rẹ òun. Ẹ̀ṣọ́ ní kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀. Ó bá gba ojú títì tó yí ọgbà po, alùpùpù sì gbá a. Egungun itan rẹ̀ kán.

"Mo ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru yìí," ni ìyàwó wí, "ló bá bi mí pé, 'Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin náà máa ń rìn yí ọgbà yẹn po kí ẹ tó délé?' Bàbá wọn, mo ní kí n lọ bu omi wá fún un."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti gbọ́ nípa jàǹbá náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí ló fi gbọ́ ọ, kò fi ọkàn gbọ́ ọ. Wọ́n dé géètì ńlá, ó sì ṣí i fún ìyàwó rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí máníjà ọgbà fi ránṣẹ́ pè é. Ẹbí aláìsàn náà ti kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé ilé òkè nítòsí máa ń rí obìnrin aláṣọ funfun kan tó ń gba inú ọgbà kọjá ní ìdájí. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ géètì ìlà-oòrùn ń fojú yan ẹni tó wù ú. Máníjà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà. Ó fẹ́ ìròyìn lórí tábìlì òun kí ilẹ̀ tó ṣú, àti ohun tí kámẹ́rà rí fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń wí dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ po lọ́wọ́. Òfin-ni-Òfin ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ìyá tó bí i lọ́mọ bá pẹ́ dé, kò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ọ̀gá," ló rọra wí, "ohun tí ẹ kọ sára pátákó ni mo sọ fún un."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kọjá lára rẹ̀ lọ sí yàrá kámẹ́rà. Olójú-Mẹ́wàá, obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn kámẹ́rà, ti mọ ohun tó gbé e wá. Ó gbé àga fún un, ó sì fi àwòrán ẹ̀yìn adágún hàn án, àárọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sí ohùn níbẹ̀. Òjìji méjì ni, tí wọ́n ń yọ nínú kùrukùru, tí wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ìkùukùu ibẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí kámẹ́rà ríran," ni obìnrin náà wí láìwo ojú rẹ̀. "Bí ẹ bá ní kò rí nǹkan kan, mi ò ní jiyàn."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé òun lòun ń rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí obìnrin tí iṣẹ́ òru ti tán lókun. Àṣé obìnrin náà ló ń dúró de orúnkún òun tó ń dun òun. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró díẹ̀, á ṣe bí ẹni tó ń wo omi, títí ọkọ á fi bá a. Ojoojúmọ́ ni. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Kó gbogbo rẹ̀ jọ fún mi," ló wí.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ìròyìn náà. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀ṣọ́ géètì ìlà-oòrùn pa òfin mọ́. Ẹni tó kọ òfin ló rú u. Nísàlẹ̀ ìwé, ó tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ máa sìn wọ́n kọjá ní ìdájí.

Máníjà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ géètì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Òfin-ni-Òfin padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti ẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwé, ó ní òun nìkan kò lè dá a pinnu, ìgbìmọ̀ ọgbà ló ni ìpinnu náà, wọn á sì kọ́kọ́ béèrè pé èèyàn mélòó ló nílò rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ délé, ìyàwó rẹ̀ ń wọ bàtà. Ó rò ó fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó ní kò burú, yóò kàn máa pẹ́ kí òun tó délé ni.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lọ dúró síbi tí irin tó yí ọgbà po ti kan ojú títì. Kò dúró síbẹ̀ rí ní irú àkókò yẹn. Inú ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọjú sí. Ìyàwó rẹ̀ yọ nínú kùrukùru, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń bọ̀. Obìnrin méjì tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì bo apá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ títì rìn, bí ẹni pé oorun ló ń tì wọ́n lọ sílé.

Ó kí wọn láti inú ọgbà. Wọ́n dúró, ẹnu yà wọ́n. Ó yọ ìwé pélébé kan àti bírò nínú àpò, ó sún mọ́ irin, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ orúkọ wọn fún òun. Ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ń wo ara wọn. Ó bá kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó gbé bírò lé ìwé.

"Ẹ kọ tiwọn ná, Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó kù lè ráàyè sún mọ́ ọn. "Ìkẹyìn ni kí ẹ kọ tèmi."